Àpótí Beaujolais kan, ìgò 12: èwo ni kí n ṣí, èwo ni kí n fi pamọ́?

ÌyáTòmíwá_Manchester

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa fẹ̀yìn tì lóṣù tó kọjá, ó sì ń kó kúrò nínú ilé tó ti ń gbé tipẹ́. Ló bá gbé àpótí wáìnì kan fún mi láti inú àjà ilẹ̀ ilé náà. Beaujolais, wáìnì pupa ilẹ̀ Faransé, ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo kà lára àwọn ìgò náà nìyí:

Beaujolais Nouveau 2019, ẹyọ kan
Beaujolais-Villages 2018, méjì
Chiroubles 2016, ẹyọ kan
Fleurie 2017, méjì
Morgon Côte du Py 2015, mẹ́ta
Moulin-à-Vent 2010, mẹ́ta

Mo mọ wáìnì mu, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í pamọ́. Ìgò tí mo bá rà lọ́jọ́ Ẹtì kì í bá mi dé ọjọ́ Àìkú. Màmá mi yóò pé ọdún 70 lóṣù Kejìlá yìí, mo sì fẹ́ gbé èyí tó dára jù síwájú wọn. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní Beaujolais kì í ju ọdún kan lọ, pé kí n kúkú dà á sínú ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí ọwọ́ méjèèjì ni ọ̀gá yẹn fi gbé àpótí náà lé mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ̀.

Débọ̀_Leeds

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín mọ apá kan, kò mọ apá kejì. Nouveau ló ń sọ, èyí tí wọ́n ń mu ní tuntun. Ẹ má tíì gbé ìkòkò kaná o, ẹ dúró de ará Lyon wa.

Ará_Ìkétu_ní_Lyon

Ìyá Tòmíwá, ẹ kú oríire àpótí. Ọmọ Ìkétu ni mí, láti 2001 ni mo ti wà ní Lyon, inú ilé oúnjẹ ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ìlú yìí máa ń sọ pé odò mẹ́ta ló ṣàn wọ Lyon: Rhône, Saône, àti Beaujolais. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Èso àjàrà kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo ìgò yín, Gamay. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ilẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ṣe ọtí náà. Lápá gúúsù Beaujolais, amọ̀ àti òkúta ẹfun ló pọ̀; ọtí tó ń tètè dùn ló ń tibẹ̀ wá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Nouveau ti ń jáde. Lápá àríwá, òkúta akọ tó ti ń rà di iyanrìn ni. Orí òkè wọ̀nyẹn ni ilẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní cru wà: Saint-Amour, Juliénas, Chénas, Moulin-à-Vent, Fleurie, Chiroubles, Morgon, Régnié, Brouilly àti Côte de Brouilly. Lára ìgò cru, ẹ lè má rí ọ̀rọ̀ náà Beaujolais rárá. Mẹ́ta nínú wọn ni mo máa ń gbẹ́kẹ̀ lé fún ìgbà pípẹ́, Moulin-à-Vent, Morgon àti Côte de Brouilly. Juliénas àti Chénas máa ń tẹ̀ lé wọn tí ọwọ́ tó ṣe é bá dára.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Odidi ìdì èso ni wọ́n ń kó sínú àgbá ńlá, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ fọ́. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni ìwúwo àwọn tòkè ń fọ́, omi wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó ń jáde á bo àwọn tó ṣì wà lódindi, àwọn náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í di ọtí láti inú èèpo ara wọn. Nouveau kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 4 tàbí 5 lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ká a ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án, ó sì ti dé orí àtẹ ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù Kọkànlá. Ìtutù rẹ̀ lẹ ń rà, bí ẹni ra ẹmu àárọ̀. Wáìnì Morgon lè lo ọjọ́ 10, ó lè lo 20, kí èèpo lè ráyè fi agbára rẹ̀ sílẹ̀. Agbára yẹn ni tannin, èyí tó máa ń gba ahọ́n mú bí ìgbà téèyàn bá jẹ obì. Gamay ò ní tannin púpọ̀. Kíkan rẹ̀ ló ń gbé e dé ọjọ́ alẹ́.

Ó wá kan àpótí yín. Nouveau 2019: ẹ ṣí i lálẹ́ òní. Tí kò bá dùn mọ́, òun nìkan lẹ lè dà sínú ọbẹ̀. Chiroubles: òun ló wà lókè jù nínú àwọn cru, ọtí rẹ̀ fúyẹ́, ọdún 8 ti tó o. Villages 2018: oòrùn mú lọ́dún yẹn, ara rẹ̀ lè ṣì le, ẹ mu ún nígbà òtútù yìí. Fleurie 2017: yìnyín wó ọ̀pọ̀ ọgbà àjàrà níbẹ̀ lọ́dún yẹn, ohun tó ṣẹ́ kù lórí igi ni wọ́n fi ṣe é, ẹ ṣí ìkan báyìí, kí ẹ fi ìkan de ọdún tó ń bọ̀. Morgon 2015: ẹ ní sùúrù. Moulin-à-Vent 2010: ọtí màmá nìyẹn. 2009 ni gbogbo ayé pariwo nítorí oòrùn rẹ̀. 2010 tutù díẹ̀, ìyìn rẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kíkan inú rẹ̀ mú ṣáṣá, èmi sì fẹ́ràn bó ṣe ń dàgbà ju ti 2009 lọ.

Olótìí_Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà díẹ̀ lórí Morgon 2015.

Wáìnì ni mò ń tà, mo sì ta 2015 gan-an. Ọdún ooru ni. Èso pọ́n débi pé ìgò mìíràn nínú wọn kọjá 14% ọtí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, gbogbo ènìyàn ní yóò gbé ogún ọdún. Nígbà tí mo ń ṣí wọn lẹ́yìn ọdún márùn-ún, mẹ́fà, ohun tí mo rí ni pé àwọn kan ti nípọn bí ọtí inú ṣúgà, kíkan wọn ò tó láti gbé ara wọn. Ìyẹn ò ní lẹ́wà sí i bó ṣe ń pẹ́. Èyí tó dára nínú wọn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pamọ́ láìtọ́ ìkan wò.

Ìbéèrè kejì: ṣé ẹ mọ bí ẹni tó ṣe é ṣe ń ṣe ọtí rẹ̀? Morgon ni ilé àwọn tó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Jules Chauvet, oníṣòwò wáìnì tó tún jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tó kú ní 1989. Ó kọ́ wọn pé kí ìwúkàrà tó wà lára èso fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì dín imí-ọjọ́ kù tàbí kí wọ́n má fi sí i rárá. Marcel Lapierre ní Villié-Morgon gbà á, Jean Foillard, Guy Breton àti Jean-Paul Thévenet náà gbà á. Mo fẹ́ràn ọtí wọn dé ọkàn. Ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ ni ọlọ́dẹ inú ìgò. Ìgò tí kò ní ọlọ́dẹ, tí ibi tó wà kò bá kọjá 14°C, yóò dàgbà dáadáa. Tí ooru bá mú un, kòkòrò inú rẹ̀ á jí, ẹ óò sì ṣí ohun tó ń rùn bí ẹ̀yìn ẹran ọ̀sìn. Ẹ wo ara ìgò náà wò, Ìyá Tòmíwá.

Ará_Ìkétu_ní_Lyon

Àbúrò, mo gbà lórí ooru 2015. Ohun tí mo fi ń sọ pé kí wọ́n ní sùúrù ni orúkọ tó tẹ̀ lé Morgon lára ìgò yẹn, Côte du Py. Òkè kan ni, òkúta rẹ̀ dúdú bí aró, ó ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọtí ibẹ̀ máa ń ní egungun kódà lọ́dún ooru. Àwọn ará Morgon ní ọ̀rọ̀ ìṣe kan, wọ́n ní wáìnì náà ń "morgonner": àsìkò tó fi òórùn èso pupa sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí èso ṣẹ́rì tí wọ́n rẹ sínú ọtí, bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, tó fẹ́ fara jọ Pinot Noir, èso àjàrà wáìnì pupa ti Bọ́gúńdì, ilẹ̀ tó wà lápá àríwá Beaujolais. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó máa ń pa ẹnu dé. Ní ọdún kẹta sí ìkarùn-ún, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀, ẹ óò ṣí i, kò ní sọ nǹkan kan fún yín: kò ní èso ọmọdé mọ́, kò sì tíì ní ọgbọ́n àgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pàdé rẹ̀ nírú àkókò yìí tí wọ́n á sì sọ pé Gamay kì í dàgbà.

Ṣùgbọ́n ìgò mẹ́ta ni. Kí wọ́n tọ́ ìkan wò. Ìyẹn ò tó ohun tí a ó jà sí.

Adéọlá_Ìkẹjà

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà l'Ékòó fi tèmi kún un. Mo ra Fleurie kan ní ọdún 2021, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù pé ó di ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi lẹ́yìn ọdún méjì. Ẹ mọ ooru wa, ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ iná. Nígbà tí mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, kọ́ọ̀kì ti yọ díẹ̀ sókè, ẹ̀gbẹ́ ìgò ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ọtí inú rẹ̀ dà bí èso tí wọ́n sè, kò sí òórùn òdòdó kankan nínú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ra Beaujolais níbí, inú fíríìjì ló ń lọ tààrà, láàrin oṣù kan mo ti mu ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òtútù, ẹ lò ó.

ÌyáTòmíwá_Manchester

Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun gan-an. Àyà mi já nígbà tí mo ka ti Adéọlá, nítorí inú kíṣìnì ni mo gbé àpótí náà sí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà.

Olótìí_Peckham

Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ka ìlà tó tẹ̀ lé èyí.

Ṣé ẹ ti gbé e? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò lè bà á jẹ́ tán, pàápàá tí kì í bá ṣe ara hítà gan-an. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé yín dára, tàbí gáréèjì tí kò ní di yìnyín. Ibi tó ṣókùnkùn, tó wà ní nǹkan bí 12 sí 13°C, tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í lọ sókè sódò. Kí ó jẹ́ 15 láìyẹsẹ̀ sàn ju kí ó jẹ́ 8 lóru kó sì di 22 lọ́sàn-án. Ẹ dùbúlẹ̀ ìgò kí kọ́ọ̀kì má bàa gbẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òkúta

Ẹ kú ọgbọ́n o. Ẹ̀kọ́ nípa òkúta ni mo kà ní yunifásítì, n kò sì lè kọjá láìsọ nǹkan kan nípa Moulin-à-Vent. Ọgbà àjàrà rẹ̀ wà láàrin Chénas àti Romanèche-Thorins, ibi tí ẹ̀rọ ìlọkà afẹ́fẹ́ àtijọ́ tó fún un lórúkọ ṣì dúró sí. Manganese, irú mẹ́táàlì kan, wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ débi pé wọ́n wà á nígbà kan rí, òkúta kan sì wà tí àwa onímọ̀ ń pè ní romanèchite, orúkọ Romanèche ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sọ pé manganese yìí kì í jẹ́ kí igi àjàrà so púpọ̀, èso rẹ̀ sì ń kéré. Èso kékeré, èèpo rẹ̀ á pọ̀ ju omi rẹ̀ lọ. Ẹ sì ti gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n Ará Ìkétu ohun tí èèpo ń ṣe.

Ẹ̀gàn tí wọ́n ń gan Gamay yìí náà ti pẹ́. Ní 1395, Philippe le Hardi tó jẹ́ Duke Bọ́gúńdì pàṣẹ kí wọ́n hú Gamay kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ kí Pinot Noir lè ráyè. Lórí òkúta ẹfun Bọ́gúńdì, mo lè lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí òkúta akọ Beaujolais, ní gúúsù Bọ́gúńdì, ni Gamay ti rí ilé, ìdájọ́ ọdún 1395 ni ọ̀pọ̀ sì ṣì ń gbé kiri lórí ọtí tí wọn ò tọ́ wò.

Débọ̀_Leeds

Mo fẹ́ béèrè tèmi náà. 2020 ni wọ́n bí ọmọbìnrin mi. Ṣé mo lè ra Beaujolais ọdún yẹn pamọ́ fún un?

Ará_Ìkétu_ní_Lyon

Ẹ lè rà á. 2020 jẹ́ ọdún oòrùn, ọtí rẹ̀ nípọn. Ẹ wá Moulin-à-Vent lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é bí ará Bọ́gúńdì, tó ń yọ èso kúrò lára igi ìdì, tó sì ń fi í sínú àgbá igi. Château des Jacques, tí ilé wáìnì Louis Jadot ti Bọ́gúńdì rà ní 1996, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí magnum, ìyẹn ìgò lítà kan àti ààbọ̀, òun ni kí ẹ rà: afẹ́fẹ́ tó ń gba inú kọ́ọ̀kì rẹ̀ wọlé ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìgò kékeré lọ, ọtí inú rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ kó tó gbó. Ọdún 15 dá mi lójú tí ibi tó wà bá tutù. Fún ọdún 21, ẹ ra ju ìgò kan lọ, kí ẹ sì máa tọ́ ọ wò lọ́nà.

ÌyáTòmíwá_Manchester

Ìròyìn àkọ́kọ́ o. Àpótí ti wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Nouveau 2019 ò kan, kò sì rùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ mọ́, bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Ọbẹ̀ lò ó. Chiroubles dùn, ó rọ̀, a mu ún tán pẹ̀lú ẹja yíyan. Fleurie 2017 jẹ́ kí n dákẹ́: òórùn rẹ̀ dà bí òdòdó tí wọ́n ká sínú àwo, ó sì ṣì ní èso.

Mo wá ṣí Morgon kan. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ó dúdú, ó wúwo, ó dákẹ́. Mo fi ìdajì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, lọ́jọ́ kejì ó ti yàtọ̀ pátápátá, òórùn ṣẹ́rì ti jáde.

Ará_Ìkétu_ní_Lyon

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún yín? Ọtí tó ti kú kì í dára sí i lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá ṣí i. Ẹ fi méjì yòókù sílẹ̀ di 2027.

Olótìí_Peckham

Mo túúbá lórí ìgò yẹn, ẹ̀gbọ́n. Èyí ṣì ní ẹ̀mí.

Fún ọjọ́ màmá, Ìyá Tòmíwá: ẹ gbé Moulin-à-Vent dúró lọ́jọ́ méjì ṣáájú kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sọ̀ sísàlẹ̀. Kọ́ọ̀kì ọdún 14 lè fọ́, ẹ fi sùúrù yọ ọ́. Ẹ má dà á sínú ìkòkò dígí fún wákàtí púpọ̀, Gamay àgbà kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú ife ni kó ti jí. Kí ó tutù díẹ̀, nǹkan bí 14 sí 15°C. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fi ayamáṣe jẹ ẹ́. Ata yóò pa gbogbo ohun tó fi ọdún 14 kó jọ. Ẹyẹ awó yíyan tàbí adìyẹ, iyọ̀, àlùbọ́sà, kí ata rẹ̀ má pọ̀.

ÌyáTòmíwá_Manchester

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá la ṣe é. Kọ́ọ̀kì fọ́ sí méjì bí ẹ ṣe wí, mo fi asẹ́ tíì sẹ́ ẹ sínú ife. Àwọ̀ rẹ̀ ti ń di àwọ̀ bíríkì létí ife. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e símú, n kò gbọ́ òórùn kankan, ọkàn mi sì rẹ̀wẹ̀sì nítorí àwọn àlejò ti jókòó. Nígbà tí a fi máa gé adìyẹ tán, òórùn rẹ̀ ti kún orí tábìlì: òdòdó rose tó ti gbẹ, ewé tútù, nǹkan kan bí olú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká nínú igbó. Kò fún ẹnu rárá. Ó kàn ń lọ síwájú nínú ọ̀fun.

Màmá tí kì í mu ju ìdajì ife lọ na ife sí mi lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní, "Èyí kò pariwo." Mo pe ọ̀gá tó fún mi ní àpótí náà lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ ọ̀rọ̀ màmá fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè bóyá ó ṣì ku méjì. Mo ní ó ku méjì. Wọ́n á wá jẹun nílé wa lọ́jọ́ kejì Kérésì, mo ti gbé ìkan dúró.